Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fò Nínú Ìwé Ilẹ̀

Bí mo bá gbọ́ òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti jó, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì máa ń tú sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, inú mi á kọ́kọ́ dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àyà mi á wá já. Òórùn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi ni. Òórùn náà ló sì wà lára mi lọ́jọ́ tí wọ́n gé igi ìyá mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, mo ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá àgbà, mo sì ti sọ ìtàn ara mi fún àwọn ọmọ mi láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ibi tí mo fẹ́ sọ yìí, ńṣe ni mo máa ń fò ó. Fífo nǹkan ti mọ́ mi lára tipẹ́.

Ayé Sáàpù ni nígbà náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni lé adìyẹ, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń jayé ní Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná ń kó ẹrù wọn padà wálé, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gírámà kò sì ríṣẹ́ kankan ṣe. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nílé wa ni pé mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò òyìnbó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì gbé mi ṣánlẹ̀. Mo ká èsì ìdánwò náà sábẹ́ ẹní mi, mo wá ń rìn kiri pẹ̀lú bíírò méjì nínú àpò àyà, pupa kan, búlúù kan. Láti ọjọ́ tí mo ti jáde ni ìyá mi kò ti pe orúkọ mi mọ́. "Akọ̀wé" ló ń pè mí. Bí mo bá ń kọjá níwájú àtẹ rẹ̀ ní Tákíè, á dá mi dúró kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè rí mi. "Akọ̀wé mi nìyí o. Kò sí òyìnbó tí ẹ fẹ́ sọ tí kò ní dá yín lóhùn." Èmi náà á wá gbé àyà síwájú. Orí mi ò pé.

Irú ni ìyá mi ń ṣe. Ní oko wa tó wà lọ́nà Ìrẹsà, igi irúgbá mẹ́ta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bàbá mi ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fún un kó tó di pé ó kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí èso wọn bá ti gbó, ìyá mi á gbé gọ̀ǹgọ̀ gígùn dání, á já wọn, á gún wọn, á se wóró inú wọn láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì, á sì bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi di irú. Kò ra wóró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó ní irú tí òun kò bá mọ igi tó so ó, òun ò lè fi ẹnu òun polówó rẹ̀. Igi mẹ́ta yẹn ló rán mi nílé ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń dimú bí mo bá wọ kíláàsì, wọ́n á ní, "Irú dé!" Ojú á tì mí débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń fọ aṣọ ilé ìwé mi lọ́sẹ̀. Ẹ wo ìyà! Ohun tó ń bọ́ mi gan-an ni mo ń fọ̀ dànù.

Àwọn olówó kan, ọmọ ìlú tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn àti Èkó, ló wá bẹ ẹbí wa fún ilẹ̀ oko náà. Wọ́n fẹ́ dá kíláàbù tiwọn sílẹ̀, èyí tí ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò ní lè wọ̀, kí wọ́n máa gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí ẹbí. Ó bi sẹ́kítírì kíláàbù léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe gan-an.

"Ihò méjìdínlógún la máa gbẹ́ síbẹ̀, bàbá."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi la ojú. "Ṣalángá méjìdínlógún? Ẹ̀yin mélòó lẹ fẹ́ máa gbé ibẹ̀?"

Sẹ́kítírì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ihò náà kò tóbi ju ẹnu agolo mílíìkì ńlá lọ, pé bọ́ọ̀lù kékeré kan ni wọ́n máa ń fi ọ̀pá gbá láti òkèèrè títí á fi já sínú rẹ̀.

"Àgbàlagbà ló ń ṣe èyí?"

"Àgbàlagbà ni, bàbá."

"Wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni gbogbo wa ń rín nígbà tí wọ́n gbé ìwé jáde. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti igi. Ẹni tó fún ọ nílẹ̀ kí o fi dáko kò fún ọ ní irúgbá tó bá wà níbẹ̀. Olówó igi á máa wá ká èso rẹ̀, ìwọ á sì máa kí i kú iṣẹ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń kọ́ ní èyí láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi béèrè ohun kan ṣoṣo: "Igi mi ńkọ́?" Sẹ́kítírì dáhùn pé ohun gbogbo ti wà nínú ìwé, kí ẹni tó mọ̀wé nínú ẹbí kà á, kó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ti ṣèlérí fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti yanjú, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, mo gba ìwé.

Ojú ewé mẹ́rin ni. Mo ń ka ìlà kan, mo ń túmọ̀ ìlà kan, ohùn mi sì ń lọ sókè. Ìyá mi jókòó sórí àpótí níwájú mi, ó ń mi ẹnu tẹ̀ lé mi bí ẹni pé òun náà ń kà á. Ní ojú ewé kẹta ni mo pàdé ọ̀rọ̀ kan. Mo ka létà rẹ̀ lẹ́yìn náà, mẹ́tàlá ni. N kò rí i rí, n kò lè pè é, n kò mọ̀ bóyá èèyàn ni tàbí ẹran. Ì bá rọrùn kí n gbójú sókè kí n sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni èyí?" Ọmọ kíláàsì kìíní lè béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń wò mí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń wò mí, ìyàwó ilé mẹ́fà tí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn òyìnbó mi ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Mo fò ó bí ẹni fo gọ́tà, mo ń kà á lọ.

"Igi mi ńkọ́, Akọ̀wé? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, ìyá mi. Wọ́n ní igi yín ṣì jẹ́ tiyín."

N kò rò pé irọ́ ni mo ń pa. Mo rò pé ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ni mo sọ, àti pé kò sí olóríire kan tó máa kọ ohun mìíràn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹ àtàǹpàkò bọ íńkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Sẹ́kítírì fi ibì kan hàn mí nísàlẹ̀ pé kí èmi náà fọwọ́ sí i. Mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ sí ìwé láti kíláàsì kẹta. Tèmi ní ìrù, ó sì ní ìlà méjì lábẹ́. Mo fi bíírò búlúù kọ ọ́ gàdàgbà. Ìyá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wo ibi tí mo fọwọ́ sí, ó sì fọwọ́ pa á lára.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ lóòótọ́. Koríko kò lè dúró de ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wa, nítorí náà yíyí ihò kọ̀ọ̀kan ká, yanrìn tí a pò pọ̀ mọ́ ọ́ìlì dúdú ni wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ róbótó, kí bọ́ọ̀lù lè máa yí lórí rẹ̀ dáadáa. Bíráùn ni wọ́n ń pè é. Èmi ni oníbíráùn. Èmi ni mo ń lọ kó ọ́ìlì jíjó lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Tákíè àti lọ́dọ̀ àwọn onílọ́rì ní Sábó, tí mo ń sẹ́ yanrìn, tí mo ń fi ṣọ́bìrì pò ó, tí mo ń tẹ́ ẹ, tí mo sì ń fa irin gbọọrọ lórí rẹ̀ bí àwọn olówó bá ti kọjá, kí ipasẹ̀ wọn lè pa rẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ọwọ́ mi dúdú, ara mi ń run ọ́ìlì láti òwúrọ̀ dalẹ́, ìyá mi kò sì dimú lọ́jọ́ kan. Ó kàn máa ń ní, "Akọ̀wé ọlọ́ìlì, ẹ káàbọ̀ o."

Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì dúró síbi tí wọ́n wà, lẹ́bàá ihò keje. Ìyá mi ń wá ká èso rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn olówó á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, màmá," wọ́n á sì dúró lábẹ́ ibòji nu òógùn. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù ẹnì kan fò wọ inú agbọ̀n rẹ̀. Ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ gbà, ẹyin yín rèé." Títí di ọ̀sán ni wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ohun tí mo sọ nípa igi ló wà nínú ìwé lóòótọ́.

Ní ọdún kejì ni ìròyìn dé pé ìdíje ńlá kan máa wáyé ní kíláàbù wa, tí àwọn ògbóǹtarìgì máa wá láti ìlú gbogbo. Ọkùnrin kan wá láti Èkó pẹ̀lú àwòrán pápá lọ́wọ́, ó rìn yí gbogbo rẹ̀ ká, ó dúró nídìí ihò keje, ó na ìka sí igi mẹ́ta náà. Lọ́jọ́ Ajé, sẹ́kítírì sọ fún mi pé àwọn agégi ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, pé màá tún bíráùn ihò keje tẹ́, kó lè gbòòrò dé ibẹ̀. Mo ní, "Sà, ti ìyá mi ni àwọn igi yẹn o." Kò jiyàn. Ó ṣí fáìlì, ó ṣí i sí ojú ewé kẹta, ó gbé ìka lé orí ọ̀rọ̀ náà gan-an.

"Ṣebí ìwọ lo kà á fún wọn? Kí lo sọ pé èyí jẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka létà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"Gbogbo ohun tó bá ilẹ̀ rìn ni. Igi, kànga, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ ti fún wa, ọ̀gbẹ́ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọ́fíìsì, pẹ̀lú aṣọ ọlọ́ìlì mi. Ó ní kí n dìde, kí n má ba ilẹ̀ òun jẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n fẹ́ gé igi, kò bínú rárá. Ẹ̀rín ló rín. "Wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Ṣebí ó wà nínú ìwé. Lọ fi òyìnbó yé wọn." Ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Lọ́jọ́rú, mo dágbére fún ìyá mi, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, sí ọ́fíìsì lọ́yà tó kọ ìwé náà. Lọ́yà kò sí nílé. Kíláàkì rẹ̀ ni mo bá, bàbá àgbàlagbà kan tó fi òwú so ẹsẹ̀ awò ojú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. N kò mọ èyí tí mo ń ṣe mọ́. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó wá ẹ̀dà ìwé náà jáde, ó ṣí i sí ẹ̀yìn, ó sì túmọ̀ ìlà tó wà lókè ibi tí mo fọwọ́ sí fún mi: pé a ti ka ìwé yìí sókè, a sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ẹni tó tẹ̀ka, ó sì yé e yékéyéké.

"Ọmọ mi, orí ìlà yìí ni gbogbo ìwé yìí dúró lé," ló wí. "N kò gbọdọ̀ sọ èyí fún ọ, ọ̀gá mi á lé mi. Bí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ bá lè lọ sí kọ́ọ̀tù, kó búra pé ohun tóun kà kò yé òun, lọ́yà mìíràn á rí nǹkan dì mú. Kò sẹ́ni tó máa lè fọwọ́ kan igi yẹn títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀. Gbọ́ ná." Ó wò mí láti orí awò rẹ̀. "Ṣé ó yé ọ nígbà tó o kà á, àbí kò yé ọ?"

Ẹnì kankan kò sí nínú ọ́fíìsì ju àwa méjì lọ. Kò mọ ìyá mi, kò mọ ìlú mi dáadáa, n kò sì ní rí i mọ́ láyé. Mo ṣí ẹnu.

"Ó yé mi, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó pa fáìlì dé. "Ó dáa. Kò sí nǹkan tá a lè ṣe nígbà náà."

Nínú mọ́tò láti Ọ̀yọ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè mi: kò yé mi, kò yé mi. Ó rọrùn nínú mọ́tò. Mo búra fún ara mi pé bí mo bá ti ń délé, mi ò ní jókòó, mi ò ní mu omi, màá kó ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi jọ, màá ju èsì ìdánwò mi sáàárín wọn, ká sì gbéra padà sí Ọ̀yọ́ ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Mo tilẹ̀ sunkún díẹ̀ sínú ọwọ́ mi, ara sì fúyẹ́. Nígbà tí mo yọ sí àgbàlá wa, ìyá mi àti àwọn obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe irú jókòó yí ìkòkò ká. Ó rí mi, ó dìde, ó pàtẹ́wọ́. "Akọ̀wé mi ti dé! Ṣé mo sọ fún yín? Ọ̀yọ́ ló ti ń bọ̀ yẹn, ó ti lọ fi òyìnbó bá lọ́yà jà!" Àwọn obìnrin náà kí mi, "Ẹ kú ìrìn o, akọ̀wé." Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní ó rẹ̀ mí, mo wọlé lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, ìyá mi ti dé oko ṣáájú àwọn agégi. Ó tẹ́ ẹní sídìí igi tó tóbi jù, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn agégi gbé ẹ̀rọ wọn sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè gé igi lé ìyá arúgbó lórí. Sẹ́kítírì pè mí. "Lọ gbé màmá rẹ kúrò." Mo lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì wo ojú mi.

"Ṣé o ti fi òyìnbó bá wọn sọ ọ́?"

"Mo ti bá wọn sọ ọ́, ìyá mi. Wọn ò gbà."

"O sọ fún wọn pé ó wà nínú ìwé?"

"Mo sọ fún wọn."

Ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. Bí ẹlòmíràn bá ni, kò ní dìde, ìyẹn dá mi lójú. Nítorí pé èmi ni, ó dìde. Mo ká ẹní rẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Èyí tó kéré jù ló kọ́kọ́ wó, èyí tó tẹ̀ lé e wó, ilẹ̀ sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa nígbà tí èyí tó tóbi jù ṣubú. Èso tí kò tí ì gbó fọ́n káàkiri pápá wọn. Ìyá mi kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ọlọ́run Ọba, ẹni tó bá mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ igi yìí, tó sì fi í pa mọ́ fún mi, ibi tó bá fọwọ́ kàn, kí nǹkan kan má hù níbẹ̀ mọ́."

"Àmín!" ni àwọn obìnrin náà wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi yíjú sí mi. Tèmi ló ń retí.

Mo ní, "Àmín."

Ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo sòótọ́ fún mi nínú gbogbo wọn." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó yanrìn àti ọ́ìlì lọ síbi tí igi náà ti wó, mo tẹ́ bíráùn ihò keje gbòòrò débẹ̀, mo fa irin lórí rẹ̀ títí ó fi dán. Sẹ́kítírì yìn mí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ìdíje náà. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra wóró lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní Sábó. Irú rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kò polówó rẹ̀ mọ́. Ńṣe ló ń jókòó sídìí àtẹ rẹ̀ ní Tákíè láìla ẹnu, ẹni tó bá fẹ́ rà á kó rà á. Ó pè mí ní Akọ̀wé títí ó fi kú, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i nígbà àìsàn rẹ̀ pé ọmọ òun kò purọ́ fún òun rí. Mo ra ìwé atúmọ̀ èdè ní Ọ̀yọ́ lọ́dún tó kú. Mo wá ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ o, ìlà kan péré ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀.

Kíláàbù ti túká tipẹ́tipẹ́. Ilẹ̀ náà ti padà sọ́wọ́ ẹbí, àwọn ọmọ àbúrò mi ló ń dáko níbẹ̀. Mo lọ wò wọ́n nígbà òjò tó kọjá. Ẹ̀gẹ́ wọn ta dáadáa, àgbàdo wọn ń yọ irùngbọ̀n, ewéko bo gbogbo ilẹ̀, àfi àwọn ibi róbótó kan káàkiri oko tó dúdú, tó le, tí koríko kan kò hù sí. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni kà á fún mi. Méjìdínlógún ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ́ wọn.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ náà mú mi lọ síbi èyí tó gba ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn ti da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, àwọn ti tú u, àwọn ti gbin ẹ̀wà sí i, asán ni. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ibí yìí dáadáa. Kí ló ṣe ilẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Ọ́ìlì ni."

Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n mo tún ti fo ọ̀rọ̀ kan.